Ọwọ́ Tí Òfin Kò Dárúkọ

Bọ́ọ̀lù náà gba ẹ̀bátí Oyèdòtun kí ó tó ráyè gbé kóńdó rẹ̀ sókè. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá la àgbọn mọ́lẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún méjìlélógún náà sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ilé, ibi tí oníkóńdó ń dúró sí, bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà, lẹ́yìn náà ó dojú bolẹ̀. Àṣíborí rẹ̀ ti là sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ ń dà láti etí rẹ̀, iyanrìn pápá sì ń fà á mu kíákíá, nítorí iyanrìn ọ̀hún náà kò rí omi láti oṣù mẹ́rin.

Ọdẹ́jìnmí kò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti fi ń ju bọ́ọ̀lù fún ìlú Ìdí-Àràbà nínú ìdíje bisibọ́ọ̀lù, eré tí ajubọ́ọ̀lù ń jù kí oníkóńdó gbá a, kò sì sí irú ariwo tí orí ènìyàn ń pa tí kò dá mọ̀. Òun náà ti fi bọ́ọ̀lù lu ènìyàn mẹ́rin rí, méjì nínú wọn kò dìde mọ́. Ó mọ èyí tó kàn ń dá ènìyàn lóòyì, ó mọ èyí tó ń fọ́ eyín, ó sì mọ èyí tí kò ní àtúnṣe. Ó gbé ìgò omi rẹ̀ sílẹ̀ láìmu.

Méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ Oyèdòtun fa kóńdó yọ, wọ́n sáré lọ bá ajubọ́ọ̀lù Òkè-Ìròkò lórí òkìtì rẹ̀. Wọn ò dé ìdajì ọ̀nà. Ìgbàpá irin tó wà lápá wọn fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, egungun ọwọ́ sì dún lára àwọn méjèèjì. Wọ́n ṣubú, wọ́n ń yí nílẹ̀, kóńdó wọn sì yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí kí wọ́n tó sáré. Ìbínú ni kò jẹ́ kí wọ́n rántí pé nínú pápá yìí, kò sí ẹni tó ní ìbínú ara rẹ̀.

Lórí òpó tó wà láàárín pápá, Ẹlẹ́rìí tan iná pupa. Ojú dígí mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ náà ní, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti ìyá àgbà tó ń pe ọmọ wá jẹun. Ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ kò gbàgbé ìkíni.

"Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará Ìdí-Àràbà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará Òkè-Ìròkò. Oyèdòtun ti dákẹ́. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ìdí-Àràbà ní òkò ẹ̀san kan."

Ẹgbàá mẹ́wàá ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Àwọn ará Ìdí-Àràbà ń lù ú nítorí ẹ̀san, àwọn ará Òkè-Ìròkò ń lù ú nítorí ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n ìró kan náà ló ń jáde. Lẹ́yìn pápá, ìlẹ̀kùn odò ga ju gbogbo wọn lọ, irin dúdú tó dí omi mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlú tó bá borí ní ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń ṣí i fún, ìlú tó bá sì ju òkò ẹ̀san bó ṣe tọ́ ló borí. Àwọn bàbá bàbá wọn ti fi ìbọn jà lórí odò yìí títí tí kò fi sí ẹni tó lágbára láti gbé òkú mọ́. Àwọn tó kù ló gbé eré àwọn òyìnbó kan wọlé, wọ́n kó gbogbo ìjà náà sínú rẹ̀, wọ́n sì ní àlàáfíà ti dé.

Kóòṣì Àdùfẹ́ wá dúró síwájú Ọdẹ́jìnmí. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ìka mẹ́ta péré ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìgbà tí òun náà fi ń gbá kóńdó.

"Ọdẹ́, dìde."

"Mà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn jù ú."

"Ta ni ẹlòmíràn? Ajubọ́ọ̀lù tó wà lórí òkìtì lónìí ni òfin pè. Ìwọ lo wà níbẹ̀ láti àárọ̀."

"Ẹ mọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn òkúta ilé fún wọn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀yin méjèèjì." Ó wo ibi tí wọ́n ti ń fi aṣọ bo Oyèdòtun. "Òun náà, èmi ni mo kọ́ ọ. Dìde."

Òfin náà kò le láti há sórí: ẹni tó pàṣẹ òkò ni yóò jẹ òkò. Kì í ṣe ajubọ́ọ̀lù ni ó ń pàṣẹ. Ahánbọ́ọ̀lù tó lóṣòó sẹ́yìn òkúta ilé láti gba bọ́ọ̀lù ni ó ń fi ìka sọ ohun tí ajubọ́ọ̀lù yóò jù. Ahánbọ́ọ̀lù Òkè-Ìròkò lónìí sì ni Àlàmú, ẹni tó hán gbogbo bọ́ọ̀lù Ọdẹ́jìnmí fún ọdún mọ́kànlá, kí ẹ̀rọ tó ń pín àwọn eléré fún ìlú tó gbé e lọ sódì kejì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Inú agbo ilé kan náà ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n jọ kọ ilà ni, wọ́n jọ ya igbóná ni, wọ́n sì jọ ń ju òkò lu máńgòrò onímáńgòrò kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ bisibọ́ọ̀lù ní agbo ilé wọn.

Òfin fún apani àti ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ní ife omi kan, kí wọ́n jọ mu ún. Wọ́n bára wọn ní ẹ̀gbẹ́ òkúta ilé. Wọ́n ti bọ́ àṣíborí àti ìhámọ́ra kúrò lára Àlàmú. Irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Ife náà kún dé ẹnu, kò sì sí èyí nínú wọn tó rí omi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Mu ún, ìwọ lo máa ṣiṣẹ́," ni Àlàmú wí.

"Má bá mi ṣe àwàdà."

"Ta ni kí n bá ṣe é? Ẹlẹ́rìí?"

Ọdẹ́jìnmí mu ẹnu kan. "Ṣé ìwọ lo pè é?"

"Bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ ni mo pè, ìta pátápátá, ibi tí kóńdó ọmọ yẹn kò lè dé. Ajubọ́ọ̀lù wa mi orí, ó kọ̀. Mo tún un pè, ó tún mi orí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè láti ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé, ó fẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ òun."

"Sọ fún Ẹlẹ́rìí."

"Ẹlẹ́rìí rí ìka mi, Ọdẹ́. Ó mọ̀. Òfin kò béèrè ohun tí mo pè. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló béèrè." Ó gba ife náà. "Ìwọ ò mi orí fún mi rí. Ọdún mọ́kànlá. Mo máa ń rò pé o ò ní làákàyè tó ti ẹni tó ń mi orí."

"Bóyá bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyàwó mi wà ní ìjókòó kẹta. Má wo ibẹ̀. Kí o sì jù ú dáadáa, kí ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ wà láyé bí ẹran."

Ó fi ìyókù omi náà ṣan ẹnu, ó gbé e mì, ó dá ife padà. Ọdẹ́jìnmí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ojú tì í pé omi náà dùn mọ́ òun.

Irin méjì jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n di ọrùn ẹsẹ̀ Àlàmú mú. Ó dúró, ó kọjú sí òkìtì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ itan.

Bí Ọdẹ́jìnmí ti ń gun òkìtì, ìgbàpá tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Gbogbo òkò tí ọwọ́ náà ti jù láti ọdún mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí mọ bí èjìká ṣe ń yí, ó mọ ìgbà tí ìka ń tú sílẹ̀, ó sì mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tàsé kò lè fi pamọ́ fún un. Bámgbóyè, tí òun náà jẹ́ ajubọ́ọ̀lù Ìdí-Àràbà nígbà náà, dán an wò ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn nítorí àbúrò rẹ̀. Orí òkìtì yìí gan-an ni wọ́n ti gé apá rẹ̀ ní èjìká, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn odò mọ́ Ìdí-Àràbà títí òjò fi dé. Ọmọdé mẹ́rìnlá ni wọ́n sin ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Bámgbóyè ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà pápá báyìí. Láàárọ̀ yìí ó kí Ọdẹ́jìnmí, ó ní, "Ọlọ́run á dá ọwọ́ náà sí fún ọ," kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Omi tó kù nínú àgbá ìlú kò ju ti ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Ọdẹ́jìnmí náà ní ọmọ méjì nílé.

Ẹlẹ́rìí bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. "Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú. Kí ó fi gbogbo agbára ọwọ́ náà jù ú, kí ó má sì mọ̀ọ́mọ̀ tàsé. Kí òkò má ṣe jìnnà ju igbọ̀nwọ́ kan lọ sí orí ẹni tó dúró. Ibi tó bá bà, Ẹlẹ́dàá ló mọ̀ ọ́n."

Ìgbà kejìlá nìyí tí Ọdẹ́jìnmí gbọ́ òfin náà lórí pápá. Òní ni etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan. Ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i. Màmá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i níbi tó ti ń fi òsì bu ẹ̀kọ, ó sì fi ìdí ìpọnkọ gbá a ní ìka. Nígbà tí kò gbọ́, ó fi ọ̀já so ọwọ́ náà mọ́ ìbàdí rẹ̀ fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," bẹ́ẹ̀ ló ń wí bó ti ń so ó. Ọwọ́ ọ̀tún kọ́ oúnjẹ jíjẹ, ó kọ́ ìkíni, ó kọ́ ìwé kíkọ, ó wá kọ́ bọ́ọ̀lù jíjù. Ọ̀tún ló sọ ọ́ di ẹni tí ìlú mọ̀. Lẹ́yìn Màmá Àgbà, kò sí ẹni tó mọ̀ nípa òsì àfi Àlàmú. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń ju máńgòrò, níbi tí Màmá Àgbà kò lè rí wọn, òsì ló sì máa ń já èyí tó wà lókè téńté, òsì náà ló sì fi ń ju èso náà sí Àlàmú kí ó hán an.

Ó dá a lójú pé Ẹlẹ́rìí kò mọ ọwọ́ òsì. Ìgbàpá kò sí lápá náà. Kò sí àkọsílẹ̀ tí yóò fi sọ pé agbára rẹ̀ kò pé tàbí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tàsé. Àwọn tó kọ òfin kò dárúkọ ọwọ́, nítorí ọmọ Yorùbá ni wọ́n, kò sì sí èyí nínú wọn tó lérò pé ẹnikẹ́ni yóò na ọwọ́ òsì sí ọmọlàkejì rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ẹ̀gbẹ́ etí Àlàmú kọjá ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, òfin pé. Àlàmú yóò lọ sílé, ìlẹ̀kùn odò yóò ṣí, apá òun yóò wà lára òun.

Inú rẹ̀ dùn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kúrò lọ́wọ́ òsì, ó sì tì í bọ ọ̀tún. Kò wọ̀ ọ́ dáadáa. Ó gbé bọ́ọ̀lù sí òsì.

Ariwo tó sọ nínú pápá kò dà bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Ìdí-Àràbà gan-an ló pariwo jù. Ìgò àti bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í já lu òkìtì, òkúta kan sì la ètè rẹ̀. Kóòṣì Àdùfẹ́ sáré dé ẹnu ìlà, ó dúró níbẹ̀ nítorí ìgbàpá tirẹ̀.

"Òsì?" ni ó wí. "Ọdẹ́, òsì lo fẹ́ fi sin ọmọ yẹn? Ìwọ ọmọ Ọdẹ́ṣínà, tí bàbá rẹ kì í fi òsì lé ajá?"

"Mà, ẹ forí jì mí."

"Èmi kọ́ ni wàá bẹ̀. Ìyá Oyèdòtun ń wò ọ́."

Ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀. "Ọdẹ́jìnmí, ẹ kú ìdúró. Ọwọ́ wo lẹ fẹ́ lò?"

"Ọwọ́ ara mi."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e sórí òpó, ojú dígí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yí lẹ́ẹ̀kan náà wo apá òsì náà, apá tí kò ní nǹkan kan lára. Ìgò ṣì ń já.

"Òfin kò dárúkọ ọwọ́," ni ó wí níkẹyìn. "Ẹ máa jù ú."

Ọdẹ́jìnmí nu ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀. Ó wo Àlàmú. Àlàmú ti rí ọwọ́ tí bọ́ọ̀lù wà, ẹ̀rín sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀yìn ilé, ti ọmọdé tó mọ ohun tí àgbàlagbà kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí ṣe rí i, ó sì rẹ́rìn-ín padà pẹ̀lú ètè tó là. Ó yan ibi tí yóò jù sí: ẹ̀bá etí Àlàmú tó wà lápá ọ̀tún òun, ibi tí ó máa ń yàn nígbà tó bá fẹ́ dẹ́rù ba oníkóńdó láìpa á. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi yàn án. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń sún mọ́ etí náà, yóò sì yà sí ọ̀tún nígbà tó bá kù díẹ̀.

Ó gbé ẹsẹ̀. Nígbà náà ni ẹ̀rín náà kúrò lójú Àlàmú. Àlàmú mi orí.

Ọdẹ́jìnmí rí i. Ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ń bẹ òun ni, pé ó ń sọ pé kí òun má ta orúkọ òun dànù nítorí tirẹ̀, kí òun fi ọ̀tún pa á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó kọ̀ fún un. Ó fi ojú sí etí náà nìkan, kò wo ibòmíràn, ó sì jù ú.

Ọwọ́ tí wọ́n ti nà mọ ìwọ̀n. Òsì kò jẹ ẹgba kóòṣì rí, kò mọ bí a ṣe ń dín nǹkan kù. Ogójì ọdún ó dín mẹ́ta ni ó fi dúró de òní. Agbára jáde lára rẹ̀ tí Ọdẹ́jìnmí kò mọ̀ pé òun ní, ó sì gbá a síwájú débi tó fi kúnlẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà lọ sí ẹ̀bá etí gẹ́lẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀, ó yà. Bọ́ọ̀lù ọ̀tún ń yà sí ọ̀tún. Ti òsì yà sí òsì.

Ó wọ ojú Àlàmú láàárín imú àti ojú òsì. Gbogbo ẹgbàá mẹ́wàá ènìyàn náà gbọ́ ọ. Orí rẹ̀ ṣẹ́ sẹ́yìn, ara rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n irin kò tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà kò lè ṣubú tán. Ó rọ̀ sílẹ̀ lórí orúnkún, ó dorí kodò sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ sórí òkúta ilé. Láti ìjókòó kẹta, obìnrin kan ń pe orúkọ kan ṣoṣo léraléra.

Ọdẹ́jìnmí sáré dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tó dá a dúró. Ó fẹ́ gbé orí náà, kò rí ibi tí yóò dì mú. Ó wá di ọwọ́ mú.

Ọwọ́ ọ̀tún Àlàmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀, níbi tí ahánbọ́ọ̀lù máa ń gbé e sí nígbà tó bá ń pàṣẹ. Ó ká gbogbo ìka, àfi ọmọńdinrín tó nà tààrà. Ìka yẹn ni Ọdẹ́jìnmí fi ọdún mọ́kànlá wò lójoojúmọ́. Àtàǹpàkò túmọ̀ sí pé, jù ú sí ọ̀tún rẹ. Ọmọńdinrín túmọ̀ sí pé, jù ú sí òsì rẹ. Etí kejì. Etí kejì ni ó ń pè fún un. Òun nìkan ló ti hán ọwọ́ méjèèjì rí láyé yìí, òun nìkan ló rántí bí òsì ṣe ń yà, ó sì mi orí, ó sì pe èyí tó tọ́, bó ṣe máa ń pè é.

Ọdẹ́jìnmí gbìyànjú láti ká ìka náà wọlé. Kò ká.

Lẹ́yìn pápá, irin dúdú náà kùn, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí ọ̀nà Ìdí-Àràbà. Àwọn tó ju bàtà lù ú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kígbe orúkọ rẹ̀. Ẹnìkan ti dá orin sílẹ̀ tó fi òsì rẹ̀ ṣe ègbè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọdẹ́jìnmí," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yin ará Òkè-Ìròkò. Láti ìgbà tí a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí òkò tó yá tó èyí. A ti fi ọwọ́ òsì kún orúkọ yín. Òun ni ẹ óò fi ju bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Kóòṣì Àdùfẹ́ ti rìn dé ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa Ọdẹ́ṣínà tàbí nípa ẹ̀gàn mọ́. Ìgbàpá tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i sílẹ̀, ó sì ń dúró dè é kí ó na apá òsì.